Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Àrùn Lórúkọ

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n kí a tó lè wo àìsàn, a ní láti mọ ohun tí a ń wò, níbẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn sì ti ń ta kókó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ibà bá mú ọmọ, tí ara rẹ̀ gbóná tí orí sì ń fọ́ ọ, kò sí abiyamọ tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá ń ṣọyún, ojú lásán ti rí i kí a tó pe oníṣègùn. Àrùn tí í dààmú ẹ̀dá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni èyí tí ó fi inú agbárí, ọ̀pá ẹ̀yìn àti àwọn iṣan tín-ín-rín tí ń gbé ìmọ̀lára káàkiri ara ṣe ibùba, tí àtẹ́lẹsẹ̀ yóò máa jóni bẹ́ẹ̀ ni kò sí egbò níbẹ̀, tí ọwọ́ yóò máa gbọ̀n títí omi inú ife yóò fi dà sílẹ̀ kí ó tó kan ẹnu, tí ẹsẹ̀ tí ó ti ń gbé ni lọ sí oko láti ìgbà èwe yóò dédé kọ̀ tí kò ní gbọ́ ti olówó rẹ̀ mọ́; a ó sì wo ara láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, a kò ní rí ohun kan tí ó wú tàbí tí ó bó.

Nígbà tí nǹkan bá rí báyìí, orúkọ tí àwọn ènìyàn yóò fún àrùn náà kì í lóǹkà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú ni wọn yóò sọ pé ó tẹ oògùn mọ́lẹ̀; ẹni tí ó ń gbọ̀n ni wọn yóò sọ pé wárápá ni, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Ẹbí yóò gbé aláìsàn láti ilé babaláwo dé ilé aládùúrà, láti ilé aládùúrà dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì tí ń po oògùn oríṣiríṣi pọ̀, owó yóò máa lọ, ọjọ́ yóò sì máa gorí ọjọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni wí nínú wọn, nítorí ẹni tí ìrora bá ń jẹ kì í lè jókòó sójú kan. Ilé ìwòsàn pàápàá a máa dá kún ìbànújẹ́ yìí nígbà mìíràn, nígbà tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí wọn kò rí nǹkan kan, tí ọ̀kan nínú wọn sì sọ fún aláìsàn pé, "Kò sí ohun tí ó ṣe yín," bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a ń sọ ọ́ fún yìí kò lè de bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dára lẹ́nu dókítà. Ohun tí ó yẹ kí ó sọ ni pé, "A kò tíì rí i," kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti òkè.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ni ó rí fún àrùn ọpọlọ àti iṣan: oúnjẹ tí ń bẹ nínú ilé aláìsàn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, oògùn tí ó ń lò, àkókò ọdún tí ara rẹ̀ yí padà, inú wọn ni orúkọ àrùn ti máa ń jáde ju inú ẹ̀rọ lọ. A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí èyí. Ìtàn méjì wà nílẹ̀ Yorùbá tí àwọn oníṣègùn ní ìlú òkèèrè mọ̀ dunjú, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa onílé kò sì gbọ́ rí.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ọbókun, ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká, àrùn kan wà tí ó máa ń bá òjò rìn. Láti nǹkan bí oṣù keje títí di oṣù kẹwàá, àwọn ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, tí àwọn ará ilé wọn yóò dì wọ́n mú ní ọ̀tún àti ní òsì. Ẹni tí ó sùn ní àlàáfíà lálẹ́ àná yóò jí, yóò máa bì, kò sì ní pẹ́ tí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n rìrì, àti orí, àti ọwọ́, àti ẹsẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ yóò máa ta síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ó bá fẹ́ rìn, yóò la ẹsẹ̀ gbàràgàdà, yóò máa fì sọ́tùn-ún, yóò máa fì sósì, ẹni tí kò fi ẹnu kan ẹmu rárá. Àwọn tí ó bá le fún kò ní mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa gbádùn, wọn a padà sílé, ṣùgbọ́n bí òjò ọdún tí ó tẹ̀lé e bá dé, ohun tí ó ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀kíní lè tún ṣe wọ́n.

Ní ọdún 1958, dókítà méjì, Wright àti Morley, kọ̀wé nípa àrùn yìí nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ Lancet, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó fi hàn pé ọpọlọ tí ó wú ni wọ́n fura sí. David Morley yìí ni ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ lẹ́yìn náà fún iṣẹ́ ribiribi tí ó ṣe lórí ìtọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé; kì í ṣe ẹni tí ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Síbẹ̀ orúkọ ni ó wà nílẹ̀, ìdí kò hàn. Ọdún ń gorí ọdún, òjò ń rọ̀, òjò ń dá, àwọn ènìyàn ń gbọ̀n, wọ́n ń gbádùn, wọ́n tún ń gbọ̀n, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó fà á.

Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Dókítà Bọ́lá Adámọ́lẹ́kun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ara balẹ̀ wádìí ohun tí àwọn aláìsàn wọ̀nyí jẹ kí ara wọn tó yí padà, ìdáhùn tí wọ́n rí sì mú wọn dé ìdí igi arère. Lórí igi yìí ni kòkòrò kan tí a ń pè ní ẹ̀kùkù máa ń gbé nígbà òjò, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn nínú ìtẹ́ kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n fi òwú ara wọn hun. Òwú irú ìtẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń hun sányán, sányán baba aṣọ, tí a fi ń dá ọba àti ìjòyè lọ́lá. Ohun tí ó wà nínú ìtẹ́ náà ni àwọn ará oko ń yan, tí wọ́n ń gbọn irun ara rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ń sọ sínú ọbẹ̀, nítorí pé ẹran wọ́n, ẹja kò sì sí nítòsí. Ní ọdún 1993, Adámọ́lẹ́kun kọ ọ́ sínú Lancet kan náà pé jíjẹ ẹ̀kùkù bá àrùn òjò yìí tan.

Bí ọ̀ràn náà ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Fítámì kan wà tí a ń pè ní B1, tí orúkọ rẹ̀ mìíràn ń jẹ́ thiamine. Ọpọlọ kò lè rí agbára tí ó tó fà yọ nínú iyán, ẹ̀bà tàbí àmàlà tí a jẹ láìjẹ́ pé fítámì yìí wà nílé, bí oúnjẹ oníṣítáàṣì bá sì ti pọ̀ tó ni yóò ná tó nínú rẹ̀. Ohun kan sì wà nínú ẹ̀kùkù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti já fítámì náà sí wẹ́wẹ́, ohun tí iná díẹ̀ kì í sì í pa. Ẹni tí ó ń jẹ ẹran, ẹ̀wà àti ẹyin dáadáa lè jẹ ẹ̀kùkù kí ó má mọ nǹkan kan lára; ṣùgbọ́n òtòṣì tí ó ti ń fi gàrí sùn, tí ó ń fi gàrí jí, fítámì tí ó wà lára rẹ̀ kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀, ẹ̀kùkù wá gba ìyókù, ó sì tún gbé òkèlè ńlá lé e. Ìgbà náà ni ọpọlọ yóò kígbe. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994, wọ́n fún àwọn aláìsàn kan ní thiamine, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, láìjẹ́ kí aláìsàn tàbí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ èwo ni èwo. Àwọn tí ó gba thiamine ni ara wọn yára yá jù. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jàpáàn fi ẹ̀rí hàn nípa ohun tí ń ba fítámì náà jẹ́ nínú kòkòrò yìí. Láti 1958 dé 1993 jẹ́ ọdún márùndínlógójì, oògùn tí ó wò ó kò sì wọ́n lọ́jà rárá. Bí mo bá ti rántí èyí, inú mi a máa bàjẹ́ fún àwọn tí ẹbí wọn ti tìtorí rẹ̀ pè ní ẹni tí ayé ń dà láàmú.

Ìtàn kejì kò parí dáradára bẹ́ẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́ àti ní àwọn ìlú Ìjẹ̀bú, ọmọ Alárè, àwọn àgbàlagbà kan wà tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó lóru tí wọn kò fi lè sùn. Lẹ́yìn èyí ẹsẹ̀ yóò kú, aláìsàn kò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni òun tẹ̀ tàbí ẹní. Ìrìn yóò di wàhálà. Fún àwọn mìíràn, ojú yóò ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, etí yóò sì di. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, UCH, tí a ṣí ní 1957, ni iṣẹ́ ìwádìí náà ti múlẹ̀. Nígbà yẹn ni orílẹ̀-èdè yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní àwọn ọmọ tirẹ̀ nínú iṣẹ́ ọpọlọ àti iṣan: Látúndé Òdẹ̀kú, ọmọ Awẹ́, akéwì tí ó tún jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dé láti Amẹ́ríkà ní 1962, Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ní Èkìtì, sì gbájú mọ́ àwọn àrùn tí kò gba iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀ṣuntókun kò dúró de aláìsàn nínú yàrá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó tọ̀ wọ́n lọ sí ìlú wọn, ó wo ohun tí wọ́n ń jẹ, ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó wọn bí iṣan wọn ti ń jíṣẹ́ sí, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Brain ní 1968. Ohun tí ó rí ni pé ẹ̀gẹ́ ni ó pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Sáyánáìdì ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́, májèlé ni. Bí a bá rẹ ẹ̀gẹ́ tí ó kan dáadáa fún ọjọ́ tí ó tó, tí a fún un tí a sì yan án jinná, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò lọ, ṣùgbọ́n gàrí tí a fi ìkánjú ṣe yóò ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú. Ara wa ní ọgbọ́n tí ó fi ń sọ díẹ̀ náà di ohun tí kò lè pani, ó kàn jẹ́ pé inú ẹran, ẹja, ẹyin àti irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń rí ohun èlò iṣẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí kún fún ohun tí sáyánáìdì ń dà lẹ́yìn tí ara bá ti bá a jà, ohun èlò tí ara fi ń jà sì ti tán lára wọn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ní ìgbà tí ọ̀rúndún tí ó kọjá ń lọ sópin, Dókítà Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ọ̀ṣósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìlú olóògbé Hubert Ògúndé, eléré orí ìtàgé, wọ́n sì rí i pé àrùn náà ṣì wà níbẹ̀, lára ènìyàn mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún (6%) tí wọ́n yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n tún wá inú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí ìlú tí sáyánáìdì pọ̀ lára àwọn ènìyàn rẹ̀ tí àrùn náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà wọ́n ní ẹ̀gẹ́ nìkan kọ́ ni a lè dì í rù. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán láàárín àwọn onímọ̀. Mo sọ èyí kí òǹkàwé lè mọ̀ pé kò sí àbùkù nínú kí oníṣègùn sọ pé òun ṣì ń wá a. Àbùkù ń bẹ nínú kí ó dẹ́kun àtiwá a.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú yàrá dókítà iṣan wàyí, kí ẹni tí kò débẹ̀ rí má bàa bẹ̀rù. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ fà yọ. Yóò ní kí aláìsàn rìn lọ, kí ó rìn bọ̀. Yóò wo bí apá rẹ̀ ti ń jù àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀. Yóò fi òòlù kékeré onírọ́bà kan ìsàlẹ̀ orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì ta fúnra rẹ̀. Yóò mú irin ẹlẹ́ka méjì kan tí ń kùn yùn-ùn bí a bá ti lù ú, yóò gbé e lé kókósẹ̀, yóò sì béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ ọ lára?" Lẹ́yìn náà yóò ní kí aláìsàn dúró, kí ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ó sì di ojú. Ẹni tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú kò ní lè dúró. Bí ojú bá ti pàdé báyìí, yóò fẹ́ ṣubú, dókítà yóò sì gbá a mú, nítorí pé ojú ni ó ti ń fi mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láti ọjọ́ yìí wá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń sọ pé bí òun bá ń bọ́jú láàárọ̀, tí òun di ojú nítorí ọṣẹ, òun a fẹ́ dojú dé inú bàsíà omi, àti pé bí iná bá lọ lálẹ́, òun kò lè dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ìyá àgbà sọ yìí tọ́ka sí ibi tí àrùn wà ju ọ̀pọ̀ ìwé àyẹ̀wò lọ, ìyá náà ìbá sì ti gbé e mì, nítorí ó rò pé kò kan ọ̀ràn.

Nígbà tí ó bá ti bi ni léèrè tán ni ẹ̀rọ kàn. Ẹ̀rọ MRI yóò ya àwòrán ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ mìíràn yóò wọn iná mànàmáná inú ọpọlọ fún ẹni tí gìrì ń mú. Òmíràn yóò wọn bí iṣan ti ń yára jíṣẹ́ sí. Nígbà mìíràn wọn yóò fẹ́ fa omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún pé yóò sọ àwọn di arọ. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni a ń gba abẹ́rẹ́ náà sí, níbi tí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí tán lókè rẹ̀. Owó àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ga, gbogbo ìlú kọ́ ni wọ́n sì wà, ìdí mìíràn nìyí tí ó fi yẹ kí ìbéèrè ṣíwájú, kí ó lè jẹ́ pé èyí tí a nílò nìkan ni a ó sanwó fún.

Bí gbogbo àyẹ̀wò bá sì mọ́ ńkọ́? Irú àrùn kan wà tí ó jẹ́ pé ọpọlọ àti iṣan pé pérépéré, iṣẹ́ wọn ni ó dàrú. Gbígbọ̀n tí ó bá wá láti ibẹ̀ kì í ṣe irọ́, kì í ṣe àṣejù, kì í sì í ṣe wèrè. Àwọn oníṣègùn mọ̀ ọ́n, wọ́n ní àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, ìtọ́jú àwọn tí ń kọ́ ara ní ìrìn àti ìṣe padà a sì máa ràn án lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ tí ń jó tàbí tí ó kú kì í sábà jẹ́ àrùn àjèjì, àtọ̀gbẹ ni ó wọ́pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Ògógóró lójoojúmọ́ a máa fà á, kòkòrò HIV a máa fà á. Ojú ara kan tí kò mọ abẹ́rẹ́ lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀tẹ̀, tí oògùn rẹ̀ wà tí a sì ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Isoniazid, ọ̀kan nínú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, a máa jẹ fítámì B6 lára títí ẹsẹ̀ yóò fi máa jó, bí a kò bá fi fítámì náà kún un. Ẹni tí kò bá sọ fún dókítà pé òun ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí ìtìjú, ni yóò máa jìyà rẹ̀. Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ jókòó ro: bí ẹnu bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀rọ̀ bá dàrú lẹ́nu, rọpárọsẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fura sí, ilé ìwòsàn ni kí a gbé ẹni náà gbà lójú ẹsẹ̀, kí a má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Fún gbogbo èyí tí ó kù, ẹ̀yin ará ilé aláìsàn ni mo fẹ́ bẹ̀. Bí dókítà bá bi ìyá yín pé, "Màmá, kí ni ẹ jẹ lánàá?" kí ẹ má jẹ́ kí ó dá a lóhùn pé oúnjẹ tí gbogbo ilé jẹ náà ni. Ẹ dárúkọ oúnjẹ náà, ẹ dárúkọ àgbo tí ó mu, ẹ mú páálí oògùn tí ó gbé mì dání, àní bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ẹ ti gbà á. Kò sí dókítà gidi tí yóò torí rẹ̀ lé yín jáde. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àti apá ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ẹlòmíràn nínú ilé tàbí ní àdúgbò ti ní irú rẹ̀ rí. Bí gbígbọ̀n tàbí gìrì náà bá dé nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, kí ẹnìkan fi fóònù ya á, kí ẹlòmíràn kó ohun tí ó lè ṣe aláìsàn léṣe kúrò nítòsí rẹ̀, kí ó má ṣe dì í mú, nítorí pé àrùn a máa sinmi lọ́jọ́ tí a bá dé iwájú dókítà. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan pé àwọn kò rí i, ẹ padà lọ, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì tí àwọn dókítà iṣan wà, kí ẹ sì tún sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.